Iṣẹ́ Ti Parí, Ìwé Ni Kò Pé



Ọ̀rọ̀ kan a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń tọ́ ọmọ nínú ẹgbẹ́ Síkáòtù. Bí ọ̀dọ́ kan bá ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó yẹ fún ipò kan, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ kò pé, bóyá káàdì rẹ̀ sọnù, tàbí ọ̀gá tí ìbá fọwọ́ sí i ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó pàdánù ipò náà?

Ní ọdún 1907 ni Baden-Powell kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1915 ẹgbẹ́ náà fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ń wá ipò tí ó ga jù lọ, tí wọn ń pè ní Eagle Scout, gbọ́dọ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ 21, kí ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 18. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó: bí ìwé bá pẹ́, tí a sì kà á sí pé iṣẹ́ ni kò parí, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà wọn wí pẹ̀lú pé ẹnikẹ́ni kò láṣẹ láti fi kún ohun tí a béèrè lọ́wọ́ ọmọ, tàbí láti yọ nínú rẹ̀.

Kí ni Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ wa? Ìwé Òfin Ìjọ ti 1983, ní òfin 877, pàṣẹ pé kí a kọ Ìrìbọmi sílẹ̀ láìjáfara. Síbẹ̀ òfin 876 wí pé, bí kò bá pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo tí kò lábùkù tó láti fi ìdí Ìrìbọmi múlẹ̀. Ìbúra ẹni náà fúnra rẹ̀ pàápàá tó, bí ó bá ti dàgbà nígbà tí ó gbà á. Bí iná bá jó ìwé, kò lè jó Ìrìbọmi. Àwọn tí a rì bọmi nígbà tí a ń pè wá ní ẹkùn Kàbà, láàárín 1955 sí 1964, kò tún un gbà nígbà tí a di Dáyọ́sísì Lọ́kọ́ja. Orí ìwé ni ó yí. Oore-ọ̀fẹ́ kò yí.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹni tí ó bá wa kọ ebè lánàá kì í mú ìwé wá kí a tó gbà pé a jẹ ẹ́ ní àáró. Olúwa wa pàápàá, nínú òwe ọmọ méjì tí Mátíù Mímọ́ kọ, kò yin ẹni tí ó fi ẹnu jẹ́ hòo. Ẹni tí ó lọ sínú ọgbà ni ó ṣe ìfẹ́ baba rẹ̀.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́ o. Iṣẹ́ tí a kò ṣe, ìwé kò lè ṣe é. Ọ̀gá tí ó bá fọwọ́ sí ohun tí kò rí, tàbí tí ó kọ ọjọ́ èké sí i, ti rú òfin kẹjọ, ó sì ti kọ́ ọmọ ní irọ́.

Kí ni kí a ṣe? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ pe ọmọ náà, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ pe àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rí wọn bá dúró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ òní gan-an, kí ẹ sì fún un ní ipò rẹ̀. Bí àgbà ni ó sọ ìwé nù, kí a má ṣe di ẹrù rẹ̀ ru ọmọ. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kìlọ̀ fún àwọn baba kí wọ́n má ṣe mú ọkàn ọmọ wọn rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tí ó fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ní òtítọ́, tí a sì lé padà nítorí bébà, lè má gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́ mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tọ́jú ìwé yín. Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì Ìrìbọmi àwọn ọmọ yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó tó di ọjọ́ tí a óò béèrè wọn.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ olúkúlùkù láìwo ìwé, fún wa ní ọkàn òdodo àti àánú. Àmín.