Ọlọ́run Tó Yọ Mí Nínú Omi

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ará, torí ọpẹ́ yìí ju ẹnu mi nìkan lọ!

Ọmọ ìyá elélùbọ́ ni mí ní ọjà Mile 3, ní Port Harcourt. Báyọ́lọ́jì ni mo kà ní Yunifásítì Port Harcourt tó wà ní Choba. Ó kù díẹ̀ kí n parí nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba káàkiri Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kejì, ọdún 2022. Oṣù 8 gbáko! Owó tí màmá mi tọ́jú fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi, a jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí a máa fi wọlé padà lóṣù Kẹwàá, àgbàrá ti gba ojú ọ̀nà East-West ní Ahoada, ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ bọ̀ ò ráyè kọjá. Mo sunkún, mo gbààwẹ̀. Olúwa ló rán arábìnrin kan nínú ìjọ wa láti yá mi lówó.

Mo rò pé ó ti bùṣe. Áà, ẹ̀rù ṣì wà níwájú!

Fún iṣẹ́ ìwádìí náà, ìṣáwùrú ni mò ń ṣà nínú ẹrẹ̀ etí odò New Calabar, kí n lè mọ̀ bóyá epo rọ̀bì ti wọ ara wọn. Bí èmi àti bàbá tó ń tu ọkọ̀ ojú omi wa ṣe ń padà bọ̀, omi òkun ti ń ya wọlé, odò ń ru. Gbà! Ọkọ̀ wa kọlu igi tó rì, ó dojú dé! N ò mọ̀wẹ̀. Omi wọ imú, ó wọ ẹnu. Mo rì, mo léfòó, mo tún rì. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo fi ọkàn ké pé, "Jésù!"

Ni ọwọ́ mi bá kan nǹkan líle. Gbòǹgbò! Igi inú ẹrẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni, tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ láti ara ìtì, tó yà sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Afẹ́fẹ́ ò sí nínú ẹrẹ̀ yẹn, gbòǹgbò òkè wọ̀nyí ni igi náà fi ń mí. Ohun tí igi fi ń mí ni Ọlọ́run fi dá èémí mi padà! Ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn ya àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà, n ò jáwọ́. Bàbá atukọ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀, wọ́n ń pariwo pé, "Ọmọ mi, dì í mú!" títí wọ́n fi fà mí yọ.

Ìṣáwùrú mi bómi lọ, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá mi ṣa òmíràn. Mo ti gboyè, ẹ̀yin ará! Màmá mi jó títí gèlè fi tú!

Ẹ̀yin tí omi ìṣòro ń mù lọ, ẹ má jáwọ́ lára Olúwa. Igi tó gbà mí là ti hù síbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ọlọ́run ti gbin tiyín náà sílẹ̀! Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀: Halelúyà!