ÌKÍNI KÌ Í JÓKÒÓ TINI

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Sámúẹ́lì 23:15-18

Inú wa dùn lónìí, ẹsẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí fi sí mi lọ́kàn láti kọ sínú ìwé yìí jẹ mọ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún: ọjọ́ tí kò sí ìlù, tí kò sí aṣọ ẹbí, tí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ta ni yóò wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà? Ọ̀dọ̀ ta sì ni ìwọ náà yóò lọ?

Inú igbó ni Dáfídì wà, ní aginjù Sífì. Sọ́ọ̀lù ọba ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n fi orin àti ijó yìn ín lẹ́yìn ikú Gòláyátì kò sí nítòsí mọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Ańjọfẹ́. Ańjọfẹ́ kú, a kò rí ẹnìkan. Ṣùgbọ́n Jónátánì dìde, ó wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó. Ọmọ ẹni tí ó fẹ́ pa Dáfídì mà ni! Bíbélì kò sọ fún wa pé ó gbé owó tàbí ohun ìjà dání. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú un lọ́kàn le nínú Ọlọ́run, ó ní kí ó má fòyà, wọ́n sì jọ dá májẹ̀mú níwájú Olúwa. Lẹ́yìn náà ó padà sílé.

Ẹ ṣàkíyèsí: a kò tún kà níbòmíràn pé àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn kí Jónátánì tó kú lójú ogun ní òkè Gílíbóà. Bí ó bá ti sọ pé, "Màá lọ nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀," ṣé ì bá tún rí i?

Ogún ọmọdé kì í ṣeré f'ógún ọdún. Nígbà tí a wà ní kékeré, ọ̀rẹ́ kò le. A jọ wà ní kíláàsì kan náà, a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, a jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí a dàgbà ni iṣẹ́ dé, owó ilé ìwé ọmọ dé, ilé kíkọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ àgbàlagbà kì í sì bà jẹ́ nípa ìjà. "A ó ríra" ló ń pa á.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí jẹ̀bi. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde ilé ìwé girama. Nígbà tí mò ń wá iṣẹ́, inú yàrá rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó yá, mo yá a lówó, kò rí i san lásìkò. Ojú ń tì í, inú ń bí mi. A kò jà o. A kàn ń yẹra fún ara wa. Ọdún mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ mú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà wá. Èmi akọ̀wé ni mo kà á sí etígbọ̀ọ́ ìjọ ní ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Mo gbààwẹ̀ fún un. Mo rán ìyàwó mi lọ kí i. Èmi fúnra mi kò lọ, bẹ́ẹ̀ ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ilé rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ. Mo bá a lórí ẹní, ó ti rù hangogo. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ni? Mò ń rí ìkíni rẹ gbà o. Ṣùgbọ́n ìkíni kì í jókòó tini." Mo jókòó. A kò dárúkọ owó. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ, títí Olúwa fi pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo dúpẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ọdún mẹ́fà ńkọ́?

Ẹnìkan lè bi mí pé, àdúrà kò tó ni? Ṣebí Aládùúrà ni wá? Ará mi, ẹ ka Máàkù orí kejì. Àwọn mẹ́rin gbé arọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù. Èrò kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, wọ́n sì dá òrùlé lu. Ìgbàgbọ́ wọn ni Olúwa rí, ìgbàgbọ́ tó ní ọwọ́, tó ní ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa. Nígbà àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 1918 ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ènìyàn díẹ̀ pẹ̀lú J. B. Shadare kóra jọ láti máa gbàdúrà, èyí tó di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Olúkúlùkù ì bá ti gbàdúrà nílé tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kóra jọ.

Olúwa wa pàápàá, ní alẹ́ Gẹtisémánì, mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Oorun ni wọ́n sùn! Bí Ọmọ Ọlọ́run bá ń fẹ́ ẹni tí yóò wà nítòsí, ta ni ìwọ tí o ń wí pé o kò fẹ́ ẹnikẹ́ni?

Nítorí náà, kí àjọ̀dún yìí má parí sórí oúnjẹ. Ronú ọ̀rẹ́ kan tí ẹ ti pẹ́ ríra. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ló wà láàárín yín, ẹ yanjú rẹ̀ tàbí kí o fi jì í. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni wàhálà dé bá, má ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Jẹ́ kí wọ́n wọlé. Lọ lọ́sẹ̀ yìí. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ.

Olúwa kì yóò jẹ́ kí a pẹ́ jù. Yóò fún wa ní Jónátánì, yóò sì sọ àwa náà di Jónátánì fún ẹlòmíràn. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ní orúkọ Jésù. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ