ILÉ TÍ A RÀ ÀTI ỌMỌ TÍ A KỌ́

Ẹ̀kọ́ kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 13:5–13

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí mo lọ wá kiri. Òun ni ó tọ̀ mí wá nínú ilé mi, ó sì dá mi lẹ́jọ́ kí n tó lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ tọ̀ mí wá pẹ̀lú aya rẹ̀. Apẹja ni ọkùnrin náà. Aya rẹ̀ a máa yan ẹja, a sì máa gbé e lọ sí ọjà Igbókòdá. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n ti fi kó owó jọ kí wọn lè ní ilé tí í ṣe tiwọn. Ọkọ ń fẹ́ kọ́ ọ síhìn-ín, lẹ́bàá omi tí baba rẹ̀ ti pẹja. Aya wí pé kí wọn ra ilẹ̀ ní Okitipupa, nítorí pé ọmọbìnrin wọn àgbà ti fẹ́ parí ìwé mẹ́fà, ọ̀nà àti rí ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba sì rọrùn ní òkè ju ti etí òkun lọ. Ìyá ọkọ náà ti ká ọwọ́ lé orí, ó ń wí pé, ta ni yóò sin òun bí gbogbo ilé bá ṣí lọ?

Mo dá wọn lóhùn kíákíá. Mo ní kí wọn jókòó, kí wọn gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, nítorí Ẹni tí ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run kò ní gbàgbé ọmọ wọn. Obìnrin náà wolẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ bi mí pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Níbo ni àwọn ọmọ tiyín ń gbé kàwé?"

Ẹ̀yin ará, ní ìlú Ondó ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọn fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, mo sì padà sínú Ìwé Mímọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bá wí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín pín.

Ẹ rántí bí Ábúrámù àti Lọ́ọ̀tì ti pínyà. Ẹran wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́, àwọn darandaran wọn sì ń jà. Ábúrámù tí í ṣe àgbà ni ó fi yíyàn sílẹ̀ fún ọmọ arákùnrin rẹ̀. Lọ́ọ̀tì gbé ojú sókè, ó rí i pé omi pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì, ó sì yan ibẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ kíyèsí ohun tí ó wò, kí ẹ sì kíyèsí ohun tí kò wò. Ó wo omi, ó wo koríko, ó wo èrè. A kò gbọ́ pé ó béèrè irú ènìyàn tí ń gbé Sódómù, tàbí ìwà tí àwọn ọmọ tí òun yóò bí yóò kọ́ láàárín wọn. Nígbà tí a bá dé orí ìkọkàndínlógún, aya rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ ti ṣègbé, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti di ẹni ìtìjú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Ṣíṣí tí Lọ́ọ̀tì ṣí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ábúrámù pàápàá fi Úrì sílẹ̀, ó sì fi Háránì sílẹ̀, Ọlọ́run sì bù kún un lójú ọ̀nà. Àṣìṣe Lọ́ọ̀tì ni pé ojú nìkan ni ó fi yàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òbí kúrò ní etí òkun nítorí ìwé ọmọ, kò ka Bíbélì já. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó rò pé bí òun bá ti ra ilé sí ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rere, iṣẹ́ òun parí, òun náà kò kà á já.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ òbí ń wo ọmọ kí wọn tó ra ilé. Èmi kò rí ibi nínú rẹ̀, nítorí àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, lábẹ́ Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó wà ní òkè tí ó sì ń fẹ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní láti rán an rìn. St. Andrew's wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1896. Ní ọdún 1919 ni a dá Ondo Boys' High School sílẹ̀, tí ọ̀nà fi kúrú díẹ̀ fún àwọn ará apá ìhín. Àwọn baba wa kì í sábà ra ilé nítorí ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ni wọ́n ń fi sọ́dọ̀ ìbátan, tàbí sí ilé àlùfáà àti ilé olùkọ́, kí ó máa pọnmi, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa kàwé. Ẹlòmíràn rí ìyá àti baba kejì níbẹ̀. Ẹlòmíràn sì jìyà tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni ohun mìíràn ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ọmọ máa wá ilé-ẹ̀kọ́ lọ, ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ wá. Ọ̀nà méjì ni a ní nígbà náà, ọ̀nà méjì náà ni a sì ní títí di òní: kí a gbé ọmọ lọ síbi tí ẹ̀kọ́ wà, tàbí kí a mú ẹ̀kọ́ wá síbi tí ọmọ wà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì, ẹsẹ̀ kan ni ó fi ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó ń wo bí ilé òbí ti súnmọ́ wọn tó kí wọn tó gba ọmọ, bí àwọn tí ń tọrọ àyè bá pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni ó sábà máa ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, apá kan owó tí a fi ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń ti inú owó-orí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò wá. Nítorí náà, ilé a máa wọ́n níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti dára. Àwọn òbí tálákà kan ní ìlú San Antonio gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù ní ọdún 1968, pé àìdọ́gba owó náà ń pa àwọn ọmọ àwọn lára. Ní ọdún 1973, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wí pé kò lòdì sí òfin ilẹ̀ náà. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ nínú rẹ̀ nìyí: nígbà tí ẹ̀kọ́ rere bá so mọ́ ilé tí ènìyàn lágbára láti rà, ẹni tí ó ní a lọ, ẹni tí kò ní a sì dúró, bí àwọn tí ohùn wọn ń dé etí ìjọba bá sì ti lọ tán, ta ni yóò bá ọmọ ẹni tí ó dúró sọ̀rọ̀? Láìsí owó-orí ilé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí ní etí òkun wa.

Kí ni kí òbí Krístẹ́nì ṣe nígbà náà? Mo fi ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ níwájú yín.

Èkíní: kí ni ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà? Ẹ má ṣe wo ọ̀dà ara ògiri bí Lọ́ọ̀tì ti wo koríko. Ẹ lọ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ béèrè bí olùkọ́ ìṣirò wà, bí ó sì ń wá. Ẹ béèrè bí àwọn ọmọ ti ń yege nínú ìdánwò WAEC, bóyá òógùn ojú wọn ni tàbí èrú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní èrú, Sódómù ni, bí ó tilẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Èkejì: ta ni yóò wà nílé pẹ̀lú ọmọ náà ní alẹ́? Bí baba bá wà lójú òkun tí ìyá sì wà nídìí ẹja, ilé tuntun tí ó wà ní òkè kì yóò bá ọmọ wí, kì yóò sì bá a gbàdúrà. Lọ́dọ̀ Lóísì ìyá-ńlá rẹ̀ àti Yúníkè ìyá rẹ̀ ni Tímótíù ti kọ́kọ́ rí ìgbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta: ṣé ilẹ̀ náà yóò dúró? Ẹ̀yin mọ ohun tí òkun ti ṣe ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, àti bí ó ti gbé ilé lọ lójú àwọn tí ó kọ́ ọ. Òwe Olúwa wa nípa ilé orí iyanrìn kì í ṣe òwe lásán fún wa. Ní òkè pẹ̀lú, ilẹ̀ a máa ní olóhun méjì. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Nítorí náà ẹ wádìí lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí, lọ́dọ̀ awọnlẹ̀ àti lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹ tó sanwó. Ó sàn kí a háyà yàrá fún ọdún kan, kí a fi dán ilé-ẹ̀kọ́ àti àdúgbò wò, ju kí a ri gbogbo owó mọ́ ilẹ̀ kí a tó mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó le jù: kí ni a ó ṣe fún àwọn ọmọ tí a fi sílẹ̀? Òfin ọdún 2004 pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì fi ojúṣe lé ìjọba àti òbí lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa rán ìjọba létí pẹ̀lú ìwé àti pẹ̀lú ẹsẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a rán wá sí etí omi tí kò rí ibi sùn, ọkọ̀ tí ó gbé e wá ni yóò gbé e padà. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, mo lọ bá tọkọtaya náà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọn dárí jì mí fún ìdáhùn mi àkọ́kọ́. A jọ gbàdúrà. Wọn kò tíì ra ilẹ̀ kankan. Wọ́n háyà yàrá kan ní Okitipupa, ọmọ náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa lọ sùn tì í bí ó bá ti ta ẹja tán ní Igbókòdá. Yàrá tí ó ṣófo nílé wọn níhìn-ín, wọ́n fi fún olùkọ́ kan láìgba owó. Ìyá àgbà ni ó ń gbọ́únjẹ fún un. Ní tèmi, èmi àti aya mi ti mú àbíkẹ́yìn wa padà wá láti Ondó. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ yín ń lọ ni òun náà ń lọ. Mo jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ iye olùkọ́ tí kò sí níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti wà nínú rẹ̀.

Ìlú wa ń jẹ́ Oríòkè-Ìwàmímọ́, kò sì sí òkè kan lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí láàárín omi. Bí òkè kan yóò bá wà níhìn-ín, nínú àwọn ọmọ wa ni a ó ti mọ ọ́n. Ẹni tí ń lọ, kí Olúwa ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó dúró, kí Olúwa dúró tì í. Kí Ó má sì ṣe jẹ́ kí ọ̀kan gbàgbé èkejì, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.