Ẹwà Tó Wà Nínú Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n máa ń fi í tu ẹni tílé rẹ̀ jóná nínú, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtùnú tó dáa ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro ọ̀rọ̀ ilé agogo San Marco ní ìlú Venice, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ìbéèrè kan kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀: ẹwà wo gan-an là ń wí, ibo ló sì yẹ ká bù ú sí?

San Marco kì í ṣe kàtídírà látìbẹ̀rẹ̀. Ilé ìsìn ààfin ni, tí Doge, olórí ìlú náà, ń jọ́sìn níbẹ̀; ọdún 1807 ló tó di kàtídírà. Ilé agogo rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ ní gbàgede, ó ga tó nǹkan bíi mítà 98, agogo márùn-ún ló sì wà lókè níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Marangona, ìyá wọn, ló ń pe àwọn káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi wọṣẹ́ láàárọ̀, òun náà ló ń tú wọn sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nona ń kéde ọ̀sán. Bí Trottiera bá dún, àwọn ìjòyè á gún ẹṣin wọn ní kẹ́sẹ́, ìpàdé ti yá. Èyí tó kéré jù lọ ni kò sẹ́ni tó ń fẹ́ gbọ́: òun ló ń dún bí wọ́n bá fẹ́ pa ọ̀daràn.

Àrá sán lu ilé yìí láìmọye ìgbà. Ilẹ̀ mì tìtì ní ọdún 1511, ó fara pa, kò wó. Àtúnṣe ló wá wó o. Ní ọdún 1902, wọ́n ń tún òrùlé Loggetta ṣe, ilé kékeré tó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá gé ògiri ilé agogo tó ti gbó náà wọnú. Ògiri sán, ìlà sísán náà sì ń gùn sókè lójoojúmọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Keje, tí odidi ilé jókòó sórí ara rẹ̀ bí àgbà tó rẹ̀. Wọ́n ti lé èèyàn kúrò ní gbàgede, kò sẹ́ni tó kú. Nínú agogo márààrún, Marangona nìkan ló yè.

Mo rò ó títí. Ẹni tó gé ògiri yẹn kò ní èrò ibi. Kí òjò má wọlé ló ń wá. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹrù tí ibi tó ń gé rù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilé náà wó ni ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí owó àtúnkọ́. Ohun tí ará ìlú dì mú ni pé kó wà bó ṣe wà, níbi tó wà. Àwọn kan yarí: wọ́n ní irọ́ ni àwòkọ yóò jẹ́, pé ayé tuntun yẹ kó kọ́ ohun tuntun. Bó bá jẹ́ pé òwe wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo rò pé ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí ni ì bá tò sí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé ṣe. Lójú, wọn ò yí nǹkan kan padà. Nísàlẹ̀, wọ́n gbá òpó igi tuntun wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n fẹ ìpìlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Wọ́n dín ìwúwo ilé náà kù ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2,000. Àfọ́kù agogo mẹ́rin, wọ́n kọ́kọ́ tò ó pọ̀ kí wọ́n lè mọ ìrísí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ́ idẹ náà, tí wọ́n tún un dà. Póòpù Pius Kẹwàá, tó ti jẹ́ olórí ìjọ Venice rí, ló san owó rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1912, ọjọ́ Máàkù Mímọ́, ni wọ́n ṣí ilé agogo náà.

Wọ́n bu ẹwà sí i, àmọ́ ibi tí ojú kò dé ni wọ́n bù ú sí.

Èyí ló ń mú mi ro tiwa. Bí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn baba ńlá wa kọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, táìlì àti ọ̀dà ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí, tàbí ká wó o ká kọ́ èyí tó ga jù ú lọ, kí orúkọ ẹni tó dáwó wà lára mábù. A máa ń fi ìlù àti ijó ṣe ìfilélẹ̀ ìpìlẹ̀ tuntun. N kò tíì rí ìjọ tó ṣe àjọyọ̀ nítorí pé wọ́n ki ìpìlẹ̀ àtijọ́ láyà.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kì í tán. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn àtúnkọ́ yẹn, ìpìlẹ̀ ilé agogo San Marco tún ń sán, wọ́n sì ní láti gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi títáníọ́ọ̀mù dì í lámùrè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun àtijọ́ wà bó ṣe wà, owó ọdọọdún ló gbà yẹn, owó tí kò ní mábù, tí kò ní orúkọ. Òun ló sì yẹ kí ìjọ tó ní ilé agogo àtijọ́ kọ́kọ́ dá, ṣáájú owó ọ̀dà.