Ta ló ni ìtàn tí a ti fẹ́ràn?

Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan ní Ikpinlè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa kó ara wọn jọ sí yàrá tí a ti máa ń kọ́ni ní kíkà àti kíkọ Yorùbá. Wọn kò wá kàwé. Ọ̀kan nínú wọn gbé kọ̀ǹpútà wá, wọ́n gbé e lé orí tábìlì, wọ́n sì jọ wo fíìmù ará Jàpáàn kan tí gígùn rẹ̀ ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Nígbà tí ó parí, kò sí ẹni tó dìde. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà tó ń kọjá lójú ọ̀nà fi yà wọlé láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan ní ẹni tó ṣe fíìmù náà ti ba ìtàn tí àwọn fẹ́ràn jẹ́. Àwọn yòókù ní ẹni tó ni ìtàn ló tún un sọ, ta ni yóò wá dá a lẹ́jọ́? A fetí sí ìhà méjèèjì, a sì rí i pé ìbéèrè tó wà lábẹ́ ariwo náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá tún ìtàn kan ṣe, gbèsè wo ni ó jẹ àwọn tó ti fẹ́ràn èyí àkọ́kọ́? Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ní lórí rẹ̀?

Kí òǹkàwé tí kò mọ ìtàn náà lè bá wa rìn, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Láti ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1995 títí di ọjọ́ 27 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Tokyo gbé eré kan jáde ní abala 26. Neon Genesis Evangelion ni orúkọ rẹ̀, Hideaki Anno ni ó sì darí rẹ̀. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí èdè Faransé ń pè ní dessin animé. Ó jọ àwọn eré róbọ́ọ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, bí Goldorak tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wò ní ọdún 1978: ènìyàn kan wọ inú ara ńlá kan, ó sì ń gbèjà ayé. Ṣùgbọ́n Shinji, ọmọ ọdún 14 tí ìtàn yìí dá lé lórí, kò fẹ́ jà. Bàbá rẹ̀ tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é wá sójú ogun. Ara ńlá tí ó sì ń wọ̀, tí wọ́n ń pè ní Eva, kì í ṣe irin lásán. Ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó ku abala méjì kí eré náà parí, Anno pa ogun tì, ó sì wọ inú ọkàn ọmọ náà lọ. Àwọn òǹwòran tó ń retí bí ogun yóò ṣe parí bínú gidigidi. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1997, fíìmù kan jáde tó fi òpin mìíràn sí ìtàn náà. Nínú fíìmù yẹn, Anno fi díẹ̀ hàn lára ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹwòran kọ ránṣẹ́, títí kan ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ó padà sí ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fíìmù mẹ́rin ni ó ṣe, ní 2007, 2009, 2012 àti 2021. Èyí àkọ́kọ́ tẹ̀lé eré àtijọ́ pẹ́kípẹ́kí. Èkejì mú ọmọbìnrin tuntun kan wọlé, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà tí a mọ̀. Ẹ̀kẹta fo ọdún 14 kọjá: Shinji jí sínú ayé tó ti bàjẹ́, àwọn tó ń bá a ṣe tẹ́lẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ní àwọn kò dá ìtàn náà mọ̀ mọ́. Anno fúnra rẹ̀ sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú òun lẹ́yìn fíìmù yẹn. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ kí ẹ̀kẹrin tó jáde, ní ọjọ́ 8 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021. Òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: “Nígbà tí bàbá mi lọ sí Gabon tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, Shinji ni mo ń wò. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá yí Shinji padà, èmi ni ó yí padà, kò sì bi mí.” Ọmọbìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dá a lóhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó dá Shinji ti dàgbà. Ṣé ẹ fẹ́ kí ó dúró lójú kan nítorí pé ẹ fẹ́ràn ibi tí ó dúró sí nígbà náà?”

A kò rò pé ọ̀kan nínú wọn ṣìnà. Ẹni tó gbọ́ ìtàn ní ìpín nínú rẹ̀ lóòótọ́. Nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tó ń pa àlọ́ fún àgbàlá òfìfo. Apàlọ́ á pè, àwọn ọmọ á dáhùn, wọ́n á gbe orin. Bí wọn kò bá gbe orin, àlọ́ kú sí i lẹ́nu. Nítorí náà, ọmọ tó fi ìtàn Shinji la ọdún ìbànújẹ́ já kò purọ́ nígbà tó ní ìtàn náà kan òun. Ṣùgbọ́n ìpín kì í ṣe gbogbo ohun ìní. Ẹni tó bá wa gbe orin kò lè sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ orin mìíràn mọ́. Ìfẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó dùn ún. Kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa tí a ń gbé ní Adja-Ouèrè kò nílò láti lọ jìnnà kí a tó rí bí ohun àtijọ́ ṣe ń di tuntun. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lọ́dọ̀ wa, ó wà ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété àti káàkiri. UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun ogún gbogbo ayé ní ọdún 2001, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Kì í ṣe nítorí pé ó dúró lójú kan ni ó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orí igi tí agbẹ́gilére gbẹ́. Nísàlẹ̀, ojú ènìyàn ni, ó pa rọ́rọ́, bí a ṣe bá a láyé nìyẹn. Lókè orí, agbẹ́gilére á gbé ohun tí àkókò rẹ̀ mú wá síbẹ̀: ejò, ẹyẹ, alùpùpù, ọkọ̀ òfurufú. A sì máa ń tún ọ̀dà kùn ún. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin lóru á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wá kan ẹni tó hùwà àìtọ́ lọ́dún yẹn. Bí kò bá júbà, àwọn ènìyàn á kọ̀ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló tún ń kọ lórin, wọ́n á lọ sùn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó yà wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ìyá ọmọ náà ló wà nínú ara ńlá tó wọ̀, rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ìyá ló wà níbẹ̀? Ẹ ò tètè sọ bẹ́ẹ̀.” Ó fa àga, ó sì jókòó.

Ohun tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ wa ni pé kí a béèrè ibi tí ojú ìsàlẹ̀ wà kí a tó bínú sí ohun tó wà lókè. Ojú ìsàlẹ̀ ìtàn Shinji ni ọmọ tó ń bẹ̀rù àwọn ènìyàn, tí kò sì lè wà láìsí wọn. Lójú tiwa, àtúnṣe náà kò pa èyí tì. Nínú fíìmù tó kẹ́yìn, kí ogun tó tún dé, ìtàn náà sinmi ní abúlé kan tí àwọn tó ṣẹ́kù láyé tẹ̀ dó. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣẹ̀dá, ẹ̀dà ẹlòmíràn ni, kò mọ ohunkóhun nípa ayé. Àwọn obìnrin abúlé mú un lọ sí oko ìrẹsì, wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń gbìn ín. Bí wọ́n ti ń kí i, ó ń béèrè ìtumọ̀ ìkíni kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí a ṣe ń dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ibí yìí, yàrá wa dákẹ́. Ẹni tí a tọ́ ní oko Massè tàbí Kpoulou mọ̀ pé bí àlejò ṣe ń di ọmọ ilé nìyẹn: á kọ́ láti sọ pé ẹ kú iṣẹ́, á sì ti ọwọ́ bọ ilẹ̀. Abúlé náà kò sí nínú eré ọdún 1995. Bí Anno bá ti gbọ́ràn sí àwọn tó fẹ́ kí ohun gbogbo rí bíi ti àtijọ́, a kì bá tí rí i. Ọmọ mẹkáníìkì náà gbà pé ibẹ̀ dára. Ó ní síbẹ̀, kò san ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

A bi í pé kí ni wọ́n gbà. Eré àtijọ́ ṣì wà. Láti ọdún 2019, Netflix gbé e sí ibi tí gbogbo ayé ti lè wò ó. Shinji tó bá a sunkún wà níbi tó fi í sí. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní òótọ́ ni.

Ìdáhùn yìí ni ó dá wa lẹ́bi. Ní ọdún méjì ṣáájú alẹ́ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa fi tẹlifóònù ṣe fíìmù kékeré kan láti inú àlọ́ Ìjàpá tó jẹ oògùn tí babaláwo sè fún Yánníbo, ìyàwó rẹ̀, kí ó lè lóyún. Bí bàbá tó kọ́ wa ní àlọ́ náà ṣe ń pa á, ikùn Ìjàpá wú, ó sì kú. Àwọn ọmọ náà yí i padà: Yánníbo fúnra rẹ̀ ló gba ọ̀nà oko babaláwo lọ, òun ló sì sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi han bàbá náà, ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde láìsọ̀rọ̀. A sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n dá òpin àlọ́ padà sí bí wọ́n ti bá a. Wọn kò dá a padà. Wọn kò sì wá sí ìpàdé mọ́.

Nígbà náà, a rò pé àṣà ni a gbèjà. Nísinsìnyí, a rí i pé ẹjọ́ bàbá náà kì í ṣe irú ti ọmọ mẹkáníìkì. Ìtàn Shinji ní ibi ìpamọ́. Àlọ́ bàbá kò ní ilé mìíràn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ti àwọn ọmọ bá tàn ká láti orí tẹlifóònù dé orí tẹlifóònù, lẹ́yìn ogún ọdún òun nìkan ni yóò kù, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ ohun tí wọ́n yí padà. Ẹ̀rù tó ba bàbá tọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe kò gba àlọ́ rẹ̀ là. A dí àwọn ọmọ lọ́nà, a kò sì kọ ohun tó wà lẹ́nu bàbá sílẹ̀. Ọgbà ni a ṣọ́, a kò gbin nǹkan kan sínú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó tọ́ nìyí. Ẹni tó fẹ́ tún ìtàn ṣe ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, tí kò sì fi tirẹ̀ tan ènìyàn jẹ pé òun ni àtijọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọminú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa á mọ́, kì í ṣe láti di ẹlòmíràn lẹ́nu. Níbi tí ìtàn kò bá ti ní ibi ìpamọ́ mìíràn ju ẹnu àgbà lọ, ìpamọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú àtúnṣe, àwa ẹgbẹ́ ni ẹrù náà sì wà lọ́rùn wa.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá bàbá náà ní ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ adúgbò gbe orin, ó pa àlọ́ náà títí dé òpin, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a wá lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta náà. Méjì padà wá. Ẹ̀kẹta kò tíì dáhùn. Bàbá gbà láti tún fíìmù wọn wò, ó sì wò ó dé òpin lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó ní: “Tèmi kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ yín sí i.” Wọ́n kọ ọ́.