TA NI MO ṢẸ̀?

Kà: Ìsíkẹ́lì 34:17-19

Àwa ará Ọjà-Ọ̀dàn mọ bí bọ́dà ṣe rí. Bí o bá gbé àpò ìrẹsì kan wọlé láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wàá rí àwọn aṣọ́bodè lọ́nà. Ṣùgbọ́n ta ni ó dá èéfín dúró rí? Odò Yewa pàápàá, tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe ara wa láti 1995, kò mọ ààlà.

Arákùnrin kan tó ń sun èédú bi mí pé, “Pásítọ̀, ilẹ̀ bàbá mi ni, igi mi ni. Ta ni mo ṣẹ̀?” N kò yára bá a wí, nítorí mo mọ iye tí wọ́n ra gàrí rẹ̀ lọ́dún náà.

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ ayé sí ìdá mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìdá 280 ni carbon dioxide kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé. Lónìí ó ti lé ní 420, ìyẹn ló ń mú ayé gbóná. Kì í ṣe èédú arákùnrin yìí ló fa púpọ̀ rẹ̀. Epo, gáàsì àti èédú inú ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ṣáínà ń sun ni. N kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí igi bá ti tán létí odò, òjò á wọ́ ilẹ̀ lọ sínú omi. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò mu ẹrẹ̀ náà.

Kíyèsí àgùntàn inú ibi tí a kà. Ọlọ́run kò bá a wí pé ó mu omi. Ó bá a wí nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ rú èyí tó kù. Mo sọ fún arákùnrin náà pé kó fi kùkùté sílẹ̀ kó lè rúwé padà, kó má sì fọwọ́ kan igi etí odò.

Èmi náà jẹ̀bi o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni a gbé jẹnẹrétọ̀ wa sí, kí ariwo rẹ̀ má bàa dí ìyìn lọ́wọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìṣọ́ òru, aládùúgbò wa kan pọn ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ ń húkọ́. Kò bú wa. Ó kàn ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú fèrèsé wa ni.” Àwa ń pe Ọlọ́run, àwọn ń fa èéfín wa.

A ti gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tiwa. Ariwo rẹ̀ pọ̀, a sì ń gbóhùn sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.