Má Bomi Rin Ín Jù
KA: Jóòbù 14:7-9

Jóòbù mọ̀ pé igi tí a gé lulẹ̀ ṣì lè rúwé. Olùfẹ́, o ti rí igi òdòdó tí à ń pè ní frangipani rí? Òdòdó rẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ dà bí pupa ẹyin, ó sì máa ń ta sánsán lálẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ la ń gé gbìn. Oje funfun yóò máa kán (má jẹ́ kó ta sí ọ lójú o!). A ó gbé e síbi ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kó má baà jẹrà nínú ilẹ̀.

Mo gbin ọ̀kan sẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo ewé rẹ̀ já bọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, lálaalẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ọyẹ́ kọ́ ló pa á, omi mi ni. Igi náà kàn ń sinmi ni. Èyí tí mo gbìn lẹ́yìn rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìléwé. Nígbà tí òjò padà dé, ó rúwé, ó sì tanná.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ arákùnrin kan nínú ìjọ wa. Ojoojúmọ́ la ń wàásù fún un, à ń wádìí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, títí kò fi wá mọ́. Èmi pásítọ̀ rẹ̀ wà lára wọn. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. A jọ jẹun, n ò wàásù.

ÀDÚRÀ: Bàbá, fún mi ní sùúrù láti jókòó ti arákùnrin mi títí òjò rẹ̀ yóò fi dé, ní orúkọ Jésù. Àmín.